Ó Ku Díẹ̀

Bọ́lárìn ti Èkó dé pẹ̀lú ìwé onílà kan,
ó ní kí a to gbogbo orin tí ẹgbẹ́ wa gbà sílẹ̀ sí i,
"ojúlówó nìkan o, ẹ̀yin bàbá,
torí ohun tí ẹ bá kọ ni ayé yóò máa pè ní Àpáta Mẹ́rin."
Ayé!
Ayé tí kò ra ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àwo lọ nígbà náà lọ́hùn-ún.

A jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Jeremáyà ní Ìsọ̀kùn,
èmi onílù, òun tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀.
Àga kẹta ṣófo: Ọ̀gínní wà ní Kánádà, kò gbé fóònù.
Àga kẹrin, aṣọ tí òjò kò jẹ́ kó gbẹ ni wọ́n sá sí i.

Àwo kìn-ín-ní kò la ariyànjiyàn lọ.
Ọjọ́ méjì la fi gbà á sílẹ̀, a sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ.
Bàtà mi hàn nínú fọ́tò ẹ̀yìn páálí,
bàtà ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ń já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi.
Kọ ọ́.

Èkejì, kọ ọ́ náà,
bí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀.
Jeremáyà lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wọn
títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi kú,
ó dìde lọ́wọ́ òfo, ó wọ mọ́tò padà sí Ilẹ́ṣà,
sínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi owó òṣómàáló kọ́.

Ẹ̀kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀.
Wọ́n kọ orúkọ wa gàdàgbà sí i lára,
àmọ́ Ọ̀gínní nìkan ló wà níbẹ̀ nínú wa,
òun àti ọmọkùnrin mẹ́ta tó háyà.
"Àpáta kan, òkúta wẹẹrẹ mẹ́ta," Jeremáyà ní.
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi rántí
pé orin kẹrin ibẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́.
Ṣé kí n sẹ́ ọmọ mi nítorí ilé tí wọ́n bí i sí?

Ìpolówó ọtí bíà ńkọ́? Ìṣẹ́jú kan péré.
Òun nìkan ni Ilẹ́ṣà ṣì mọ̀ lórí.
Ọlọ́kadà tó gbé mi wá láàárọ̀ ń súfèé rẹ̀,
kò mọ ẹni tó gbé sẹ́yìn.
"Òun nìkan ló sanwó fún wa," Jeremáyà ní,
"kọ ọ́ sókè pátápátá."

Téèpù gbọ̀ngàn Ẹrẹ́jà: iná lọ láàárín orin,
gìtá kú, ohùn kú, ẹ̀rọ oníbátìrì ò dákẹ́,
èmi nìkan ń lu nǹkan nìṣó nínú òkùnkùn,
èrò ń fi àtẹ́wọ́ gbè mí.
Bọ́lárìn pè é ní àbùkù.
Mo wò ó, ó wo ìwé rẹ̀.

Jeremáyà wá là á lófin:
èyí tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbà pé ó parí, òun ni tiwa.
Òfin dára. Mo fọwọ́ sí i.
Lẹ́yìn náà mo yọ kásẹ́ẹ̀tì kan lápò.

Òkèsà ni, ilé ìyá Kọ́mọláfẹ́.
Òjò ń lu páànù ju bí mo ṣe ń lu ìlù lọ.
Gìtá rẹ̀ gòkè, ó yà síbi tí kò yà sí rí,
ìyá rẹ̀ ké láti ẹ̀yìnkùlé pé iyán ti ń tutù,
ó rẹ́rìn-ín, kò dá ọwọ́ dúró,
ó ní, "Ìyá, ó ku díẹ̀."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ojú ọ̀nà Àkúrẹ́.

Nítorí náà, kò parí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.
Òfin Jeremáyà kò gbà á.

Mo gba bírò lọ́wọ́ Bọ́lárìn,
mo kọ ọ́ sí ìlà tó gbẹ̀yìn: Ó ku díẹ̀.
Ó bi wá bóyá àkọlé orin nìyẹn.
Jeremáyà ti dìde,
ó ń kó aṣọ kúrò lórí àga kẹrin.